Ọlọ́fọ̀ Tí Ń Rìn Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọbìnrin mẹ́ta ní ilé wa ní Adó-Èkìtì fá orí wọn kodoro ní ọ̀sán Sátidé kan, bẹ́ẹ̀ bàbá wọn wà láàyè, ìyá wọn wà láàyè, ọjọ́ kejì sì ni ìkórè ìjọ. Ṣùkú tí ìyá mi fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ Furaidé dì fún wa ni a fi abẹ gé dànù lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tí ìyá mi ti ọjà dé, tí wọ́n bá orí mẹ́ta tó ń dán bí ìdí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀, wọ́n ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, tòmátì yí káàkiri àgbàlá, wọ́n sì ká ọwọ́ lé orí. "Ta ló kú? Ẹ sọ fún mi, ta ló kú kí n tó dé?" Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan tó ń rìn kiri nínú tẹlifíṣọ̀n ló fà á.

Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. Tóyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló dàgbà jù. Òun ló di abẹ mú. Dúpẹ́, àbúrò mi, ló kéré jù. Òun ló kọ́kọ́ gbé orí kalẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, mo sì mọ̀ pé bí ènìyàn mẹ́ta bá wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìtàn mẹ́ta ni wọn ó gbé dé. Nítorí náà, kí n tó kọ èyí, mo pe àwọn méjèèjì lórí fóònù. Tóyìn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní, "Fíìmù yẹn ló kó sí wa lórí, kò sí nǹkan mìíràn." Dúpẹ́ ní irọ́ ni. "Nítorí Àǹtí Yéjídé ni. Ṣé o ti gbàgbé ni? Ìwọ gan-an lo ní kí wọ́n má dá nìkan wà bẹ́ẹ̀." N kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi, tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn ṣì mú, ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń parọ́. "Iná orí ni jàre. Orí yín kún fún iná orí, ẹ wá ń fi fíìmù bojú."

Ilé wa kò jìnnà sí àdúgbò Adébáyọ̀, ṣùgbọ́n Adébáyọ̀ ìgbà náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀kadà ti gba gbogbo etí títì. A máa ń gbọ́ ara wa. Ìgbálẹ̀ Tóyìn ló ń jí mi láàárọ̀, lẹ́yìn náà orin ìsìn tí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ń fi imú kọ bí wọ́n bá ń dá iná, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Ràímì, télọ̀ tó wà ní ìta ilé kejì, tó máa ń ké kíkíkíkí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, odó. Kò sí ilé tí wọn kì í gún iyán ní àdúgbò náà, ẹ ó sì mọ ilé tí iyán wọn ti fẹ́ jinná láti inú bí ìró ọmọ odó ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti rẹ́ ulá. Ulá ni Ìyá Àgbà ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé, tí bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, sì máa ń rọra tún un sọ lẹ́yìn wọn fún wa: "Ilá. Ilé." Ohun kan wà tí bàbá mi kò lè tún ṣe. Lẹ́nu Ìyá Àgbà kò sí "ẹ" fún àgbàlagbà. Ọmọdé ni "ìwọ," bíṣọ́ọ̀bù ni "ìwọ," Ọlọ́run nínú àdúrà náà ni "ìwọ." Wọn ò fi rí ẹnikẹ́ni fín. Èkìtì ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá èdè.

Ní ọdún tí a fá orí wa yẹn ni Àǹtí Yéjídé, àbúrò bàbá mi obìnrin, padà sí ilé bí opó. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú ọkọ wọn lọ. Ọmọ Ìjan-Èkìtì ni ọkọ náà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fá orí Àǹtí. Nítorí pé Adó ni Àǹtí ti ń ṣe tíṣà, àwọn àna gbà kí wọ́n wá ṣe opó wọn nílé wa, ṣùgbọ́n wọ́n gbé òfin kan lé e: Àǹtí kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ìta títí oṣù opó yóò fi pé. Bí ẹsẹ̀ wọn bá kan títì kí ó tó pé, àwọn ará Ìjan yóò ní ọwọ́ Àǹtí wà nínú ikú náà. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fọ̀ kúrò lára ènìyàn nìyẹn. Àǹtí wọ inú yàrá tó kángun sí pálọ̀, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n sì dákẹ́. Àǹtí tó ti máa ń pariwo! Àwọn ló kọ́ wa ní orin gbogbo tí a mọ̀. Tóyìn ló ń gbé oúnjẹ wọlé. "Bí mo ṣe ń gbé abọ́ náà wọlé ni mo ń gbé e jáde," ó sọ fún mi. "Iyán á ti gan, ọbẹ̀ á ti dì. Mo máa ń sunkún kí n tó dé ilé ìdáná, n kò mọ ohun tó fà á."

Tẹlifíṣọ̀n wa ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, òun nìkan sì ni ó wà ní ojúlé mélòó kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ràímì yóò gbé àpótí rẹ̀ wá, bàbá mi yóò pa iná pálọ̀ kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ dáadáa, Dúpẹ́ yóò sì lọ di òpó eríà mú níta. "Ó ti dáa?" "Kò tíì dáa!" "Ó ti dáa báyìí?" "Yí i padà! Ó ti dáa tẹ́lẹ̀!" Ìlú àwọn kàbọ́ọ̀ì ni eré tí a ń dúró dè ti ń wáyé: eruku, ẹṣin, ilé pákó, ọkùnrin tó dé fìlà gbàgẹ̀dẹ̀ tó so ìbọn mọ́ ìdí. Láàárín wọn ni ọkùnrin kan ti máa ń yọ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, orí rẹ̀ ń dán, kò wọ bàtà. Kò ní ìbọn, kò ní ẹṣin. Yóò tọrọ omi, wọn ó fi í ṣẹ̀sín. Wọn ó taari rẹ̀, yóò bẹ̀ wọ́n. Wọn ó tún taari rẹ̀, yóò tún bẹ̀ wọ́n. Àwa ọmọdé á ti dìde lórí ẹní nígbà náà, nítorí a mọ ohun tó ń bọ̀. Lójijì ẹsẹ̀ rẹ̀ á fò sókè bíi ti àwọn ará Ṣáínà, fìlà gbàgẹ̀dẹ̀ á sì máa já bọ́ sílẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà bá wa jókòó wò ó, wọ́n bi bàbá mi léèrè irú ènìyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. "Màmá, mọ́ńkì ni." Ìyá Àgbà yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ tí à ń ka ìwé aláwòrán wa, wọ́n sì mọ̀ dájú pé ọ̀bọ ni mọ́ńkì. "Ọmọ ènìyàn lo pè ní ọ̀bọ? Nítorí pé wọ́n fá a lórí? Ìwọ tí o jẹ́ tíṣà!" Bàbá mi ní mọ́ńkì yìí yàtọ̀ sí mọ́ńkì yẹn, àti pé irú àlùfáà kan ni. Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. "Àlùfáà wo ni kò ní bàtà? Àlùfáà wo ni kò ní ulé? Wo ojú ọmọ náà dáadáa. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ẹnìkan ló kú fún un." Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin náà kò ní orúkọ mìíràn nílé wa. "Ọlọ́fọ̀ ti dé o!" ni Dúpẹ́ máa ń kígbe bí orin eré náà bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ilé á sì ya wá sí pálọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu. "Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í kúrò ní ulé. Ta ló jẹ́ kí èyí jáde?" Bàbá Ràímì, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán, ló dá wọn lóhùn. "Ìyá, bóyá bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Kálukú ló ní tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni, kò sì sí ẹni tó ń fá opó lórí. Bóyá tiwọn ni kí wọ́n máa rìn títí ọkàn á fi rọ̀." Ibẹ̀ ni ohùn kan ti jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì, ohùn tó ti ha bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: "Màmá, ta ló kú fún un?" Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ohùn Àǹtí gbẹ̀yìn. Bàbá mi gbá apá àga mú. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ yíjú padà. "Wọn kò tíì sọ," wọ́n ní. "Máa gbọ́."

Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń fi ohùn rara sọ ohun gbogbo tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré náà, bí ẹni tó ń ka ìròyìn, tó sì jẹ́ pé kọ́tìnnì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Ó ti dé ìlú mìíràn o. Obìnrin kan ní kí ó wọlé. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Ó ń jẹun! Ọlọ́fọ̀ ń jẹun o, ó jẹ ẹ́ tán." Mo ti bá àwọn àgbà oníròyìn ṣiṣẹ́, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ ohun tí olùgbọ́ rẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò jẹ oúnjẹ náà ní tòótọ́. Ìjà bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbé ṣíbí. Tóyìn ní ọjọ́ kejì ni abọ́ Àǹtí kọ́kọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ òun. "Mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbé e sókè, mo ń gbé e sílẹ̀."

Mo wá eré náà lórí fóònù lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo sì gbé e lọ fún Àǹtí nílé wọn. Wọ́n ti darúgbó, irun wọn funfun, ó sì pọ̀. A jọ wo díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó kú fún ọkùnrin náà, pé ẹ̀sìn rẹ̀ ló ní kí ó máa fárí bẹ́ẹ̀. Àǹtí wò mí lórí awò ojú wọn. "Ṣé o bi í ni?"

Nǹkan tó wá kù ni ilé ìwé. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé Àǹtí ránṣẹ́ pé sáà tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, lọ́jọ́ kejì ìkórè; bí Àǹtí kò bá sí níbẹ̀, wọn ó fi ẹlòmíràn sí ipò wọn. Bàbá mi lọ sí Ìjan lọ bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ Àǹtí, bàbá àgbàlagbà kan tó ń dáko, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Ìjan. Ọwọ́ òfo ni bàbá mi mú bọ̀. Ní pálọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún ìyá mi, gbogbo wa sì gbọ́: "Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó fúnra wọn bóyá ó wà nílé." Lẹ́yìn kọ́tìnnì, a gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, bí ìgbà tí ènìyàn yíjú sí ògiri. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Tóyìn mú abẹ.

Igbe ìyá mi lọ́sàn-án Sátidé náà ló mú Àǹtí jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rò pé òkú mìíràn ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú aṣọ dúdú, oòrùn kò jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa, wọ́n sì ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ Tóyìn ti fo ibì kan lẹ́yìn etí Dúpẹ́, irun ṣì dúró níbẹ̀ bí ìdì koríko. "Ta ló fá yín?" Tóyìn kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà." "O ò fá a dáadáa. Gbé abẹ wá." Àǹtí jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi Dúpẹ́ sí àárín orúnkún, wọ́n bu omi, wọ́n fi ọṣẹ pa á lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a díẹ̀díẹ̀. "Tèmi, wọn ò bu omi sí i," wọ́n ní, bíi pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tó ti ń wá pàṣán, lọ gbé omi gbígbóná wá. Dúpẹ́ ní òun ń gbọ́ bí ikùn Àǹtí ṣe ń mì lẹ́yìn òun, òun rò pé wọ́n ń sunkún. Nígbà tí òun wo ẹ̀yìn, ẹ̀rín ni.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí kò padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n bá wa jókòó sórí ẹní níwájú tẹlifíṣọ̀n, orí mẹ́rin lórí ìlà kan. Bàbá mi ti pa iná. Ọlọ́fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú kan ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé: Bàbá Ìjan, fìlà lọ́wọ́, eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀. Bàbá mi dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Òkùnkùn bo aṣọ wa, orí mẹ́rin nínú ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n nìkan ni Bàbá Ìjan ń rí, gbogbo wa sì kẹ́yìn sí wọn. "Èwo ni opó wa nínú yín?" Mo gbọ́ èémí Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé, "Mo rò pé wọ́n á ní a fi òkú àbúrò wọn ṣeré. Mo ti mọ̀ pé ó tán." Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. "Jókòó. O dí wa lójú."

Bàbá Ìjan jókòó. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin náà ń rìn ní etí odò gbígbẹ kan, òun nìkan. "Kí ni èyí ń wá kiri?" Bàbá Ìjan béèrè. "Ó ń ṣọ̀fọ̀," Ìyá Àgbà dáhùn. "Níta?" "Níta. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe é." Bàbá Ràímì mi orí bí ẹlẹ́rìí. Bàbá mi, tó mọ òtítọ́, tó sì máa ń tún ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sọ nígbà gbogbo, kò sọ nǹkankan. "Ta ló kú fún un?" "Wọn kò tíì sọ." Bàbá Ìjan tẹ̀ síwájú lórí àga. Ọkùnrin náà ń rìn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. "Àbúrò rẹ̀ ni," Bàbá Ìjan ní. "Àbúrò rẹ̀ ló kú. Mo mọ ìrìn yẹn." Àwa ọmọdé kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀gbọ́n kì í dé ibojì àbúrò, pé kò sí ẹni tó fá Bàbá Ìjan lórí, kò sí ẹni tó wá jókòó tì wọ́n. Bàbá Ìjan sọ pé láti ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn ń lọ sóko láàárọ̀, àwọn ń padà nírọ̀lẹ́, ọkọ́ kò sì kan ilẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò. Àǹtí yíjú padà lórí ẹní, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú wọn. Bàbá Ìjan fi ọwọ́ kan orí wọn, níbi tí irun tuntun ti ń hù.

Nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀, bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tan iná. Ohun tí Bàbá Ìjan sọ kí wọ́n tó lọ bá bọ́ọ̀sì nìyí, bí bàbá mi ṣe máa ń tún un sọ fún wa títí ọjọ́ ayé wọn. Oṣù opó kò ní dínkù, ẹnìkan kò sì ní fi kún un. Aṣọ dúdú kò ní kúrò lára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, kí ìyàwó àbúrò àwọn máa fi ẹsẹ̀ ṣe tirẹ̀: kí ó máa rìn lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, kí ó kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn yóò sọ fún ẹbí ní Ìjan. Bàbá mi béèrè pé bí ẹnìkan bá dá a dúró lójú ọ̀nà ńkọ́, tí ó bi í pé kí ni opó ń wá níta? Bàbá Ìjan dé fìlà wọn.

"Kí ó sọ pé èmi ni mo ní kí òun máa rìn."